Ẹ̀rọ Kékeré Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

“Èmi náà ti rí tèmi o! Kọ̀ǹpútà mi ti gbé dúdú wọ̀!”

Akọ̀wé tó ń tẹ ìwé ẹrù ló pariwo bẹ́ẹ̀. Àǹtí Kọ̀ǹpútà kò tíì sọ àpò èjìká rẹ̀ kalẹ̀ tí igbe náà fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó yà lọ sí ìdí tábìlì obìnrin náà. Àwòrán òdòdó tó máa ń wà lójú ẹ̀rọ náà ti pòórá. Gbogbo ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, àfi ìlà ọ̀rọ̀ funfun kan ní igun ìsàlẹ̀ tó ń sọ pé ẹ̀rọ yìí kò ní láísẹ́ǹsì mọ́.

“Ìwé ẹrù ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ni mo fẹ́ tẹ̀,” ni akọ̀wé náà wí. “Kò jẹ́ kí n fi ẹyọ lẹ́tà kan sí i. Ó ní kí n lọ gba àṣẹ wá. Àṣẹ wo? Lọ́wọ́ ta? Ọkọ mi gan-an kì í bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ ṣe sùúrù, ẹ jẹ́ kí n wò ó.”

“Àǹtí, láti ọjọ́ Ajé lẹ ti ń wò ó. Lọ́jọ́ Ajé, mẹ́fà ló ṣe bẹ́ẹ̀. Lánàá, ó di ogójì. Lónìí ńkọ́? Àbí wọ́n ń kó o ran ara wọn ni?”

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí kò dénú ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń pín oògùn káàkiri àwọn ilé ìwòsàn ni wọ́n. Bí ìwé ẹrù kò bá jáde, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Bí ọkọ̀ kò bá sì jáde, aláìsàn kan ń bẹ níbì kan tó ń wo ojú nọ́ọ̀sì. Láti àárọ̀ ni àwọn awakọ̀ ti jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nínú ọgbà, tí wọ́n ń ju òkúta wẹ́wẹ́ sínú gọ́tà.

Àǹtí Kọ̀ǹpútà fa àga, ó jókòó. Òun nìkan ló ń tọ́jú ẹ̀rọ bí ọ̀ọ́dúnrún tó wà nílé-iṣẹ́ náà láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, tí wọ́n ti ní kí Bàbá Kọ́kọ́rọ́, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, lọ sinmi nílé. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń rò pé kòkòrò tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ inú àwọn ẹ̀rọ náà. Ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti tún wọn tàn, pàbó ló já sí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tẹ ọ̀rọ̀ kan tó ń bi kọ̀ǹpútà léèrè pé ta ló ń fún un ní láísẹ́ǹsì. Ẹ̀rọ náà ronú díẹ̀, ó sì dáhùn: òun ń wá Oníbodè, òun kò rí i.

Ọwọ́ Àǹtí dúró lórí bọ́tìnnì.

“Kí ló sọ?” ni akọ̀wé béèrè.

“Ó ń wá ẹnì kan.”

Ohun tí kò yé akọ̀wé náà nìyí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá fẹ́ ra ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, kì í rà á lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ra búrẹ́dì. Á rà á lápapọ̀, wọn á sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà márùndínlọ́gbọ̀n. Inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ yẹn máa ń gbé. Àwọn yòókù á máa lọ kí ẹ̀rọ yìí ní ọjọ́ méje méje, òun náà á sì máa dá wọn lóhùn pé òun mọ̀ wọ́n, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ wọn lọ. Bí wọ́n bá lọ tí wọn kò bá a nílé, wọn kì í pariwo. Wọn á máa ṣiṣẹ́ lọ, wọn á sì máa padà lọ wò ó, títí ọgọ́sàn-án ọjọ́ yóò fi pé. Ọjọ́ tó bá pé ni wọ́n tó ń gbé dúdú wọ̀.

Oníbodè ni orúkọ tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ sọ ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, tí kò ní ojú tí ènìyàn lè wò, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú yàrá àwọn ẹ̀rọ, tó sì ń húkọ́ bí arúgbó. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára ti ṣá débi pé ènìyàn ní láti tẹ orí ba kó tó lè kà á. Kò sí nínú ìwé tí wọ́n kọ àwọn ẹ̀rọ tó kù sí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ lọ, máníjà fẹ́ gbé ẹ̀rọ amúlétutù tuntun sí ibi fèrèsé yẹn, ó sì ní kí Àǹtí palẹ̀ gbogbo pàǹtí ibẹ̀ mọ́.

Àǹtí fúnra rẹ̀ ló fa wáyà Oníbodè yọ. Kò fi ìwà wàdùwàdù ṣe é pàápàá. Ó fa wáyà yọ, ó sì fi ọjọ́ méjì dúró kó rí i bóyá ẹnikẹ́ni yóò ké. Kò sẹ́ni tó ké. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé e fún ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù, ìyẹn jù ú sórí ọmọlanke, ó dún gbàù láàárín ọ̀pá bẹ́ẹ̀dì àti táǹkì tó ti jó.

Ọjọ́ méjì péré ló fi dúró. Ẹkún tó wà níbẹ̀, ọgọ́sàn-án ọjọ́ ló fẹ́ gbà kó tó jáde.

Kó tó di ọ̀sán, máníjà pe Àǹtí àti olórí àwọn awakọ̀ sí ọ́fíìsì. Àǹtí ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́, ọjọ́ méje, àti ọgọ́sàn-án ọjọ́. Ó ní ẹ̀rọ tó ń fún wọn ní àṣẹ kò sí mọ́. Kò sọ ẹni tó gbé e lọ. Ó fẹ́ sọ ọ́; ẹnu rẹ̀ ti yà tán. Àfi bí máníjà ṣe gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

“Ọgọ́sàn-án ọjọ́,” ni máníjà wí, ó ń fi bírò lu tábìlì. “Ìgbà wo ni bàbá yẹn lọ? Oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà, mélòó ni? Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ó dẹ pàkúté sílẹ̀ dè wá kó tó lọ!”

Olórí àwọn awakọ̀ mi orí. “Sà, bàbá yẹn ò mọ ibi tí bàtà ẹ̀ wà mọ́ kó tó lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo mú un délé nítorí pé ó ń rìn kiri nínú ọgbà. Ó ń gbàgbé nǹkan ni.”

“Ẹni tó ń gbàgbé nǹkan kì í ka ọjọ́ pé.” Máníjà yíjú sí Àǹtí. “Ìwọ lo sún mọ́ ọn. Ṣé ó bínú lọ àbí kò bínú lọ?”

“Inú wọn ò dùn, sà.”

“Ẹ gbọ́ fúnra yín.”

Òótọ́ ni Àǹtí sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà ti di irọ́ kó tó balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kù wà lẹ́nu rẹ̀ bí omi gbígbóná, kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú.

“Lọ bá a nílé,” ni máníjà wí. “Ọwọ́ ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yẹn wà. Má bá a jà, gba kọ́kọ́rọ́ wá. Tí ẹ̀rọ bá ti tàn, màá kọ̀wé sí olú ilé-iṣẹ́. Ilé ìtọ́jú àwa òṣìṣẹ́ tó ṣì ń lọ, à á ti ilẹ̀kùn ẹ̀ mọ́ ọn. A ò lè máa fi oògùn wa tọ́jú ẹni tó ń wá ìṣubú wa.”

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ń gbé, lójú pópó kan tí àwọn mẹkáníìkì pọ̀ sí. Àǹtí kò tíì débẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìyàwó bàbá ṣí ilẹ̀kùn, ó kọ́kọ́ wò ó bí ẹni ń wo àlejò, kó tó wá na ọwọ́ méjèèjì.

“Ọmọ iṣẹ́! Ìwọ rèé? Wọlé, wọlé. A ti ń retí rẹ.”

“Ẹ má bínú, mà. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta.”

“Èwo ni ti ìbínú? Wọlé ṣáà.”

Bébà ló wà lára gbogbo nǹkan nínú ilé náà. Wọ́n kọ ILÉ ÌWẸ̀ sára ilẹ̀kùn kan. Wọ́n kọ ṢÚGÀ sára agolo, IYỌ̀ sára òmíràn. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn àbájáde, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: PÈ MÍ KÍ O TÓ JÁDE. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ jókòó sídìí tábìlì, ó ń ṣa ìṣó àti súkúrù láti inú agolo mílíìkì kan, kéékèèké lápá kan, ńláńlá lápá kejì. Ọwọ́ rẹ̀ ń yá bí ìgbà tó ń tú ikùn kọ̀ǹpútà. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹni náà gan-an ni, ó kù kó gbójú sókè.

Ó gbójú sókè. “Ṣé ìwọ lo wá tún páípù ṣe?”

“Rárá, sà. Èmi ni. Ọmọ iṣẹ́ yín.”

“Ó dáa. Ẹ̀yìn ni páípù náà wà.” Ó padà sídìí ìṣó rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ fa Àǹtí lápá wọ yàrá. “Má fi ṣe ìbínú. Lọ́jọ́ mìíràn, èmi náà ni mo wá tún páípù ṣe.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì rẹ̀ ẹ́ kó tó parí rẹ̀. “Tó bá ṣa ìṣó yẹn tán, màá tún dà á pọ̀ fún un nígbà tí kò bá rí mi. Ó fẹ́ràn kó rí iṣẹ́ ṣe. Dókítà ilé ìtọ́jú yín sọ pé ó dára fún un. Ọpẹ́lọpẹ́ dókítà yẹn. Oògùn tó fún un ló jẹ́ kó máa sùn. Kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn náà, ṣe la jọ ń ṣọ́ ilẹ̀kùn mọ́jú.”

Àǹtí kò mọ ibi tó lè fojú sí. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kan lòun wá gbà, kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà, bóyá bàbá kọ ọ́ síbì kan. Ìyá náà fa páálí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé ìléwọ́ dúdú kan wà nínú rẹ̀, èyí tí bàbá máa ń kì sí àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Gbogbo ìmọ̀ ọdún mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú àfọwọ́kọ wẹ́wẹ́ tó tò bí eyín àgbàdo. Kò pẹ́ tí Àǹtí fi rí kọ́kọ́rọ́ náà, lẹ́tà àti nọ́ńbà márùndínlọ́gbọ̀n, bàbá fi ìlà pupa yí i ká. Ó dà á kọ, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kó má baà ṣì í.

Ojú ewé tó tẹ̀ lé e ni kò mọ̀ pé òun máa rí. Ìlà kan ṣoṣo ni, déètì sì wà níwájú rẹ̀: *Pe ọmọ iṣẹ́. Sọ fún un pé kó má pa Oníbodè.* Nísàlẹ̀ rẹ̀, déètì kan náà: *Pe ọmọ iṣẹ́. Kó má pa Oníbodè.* Ọjọ́ kejì: *Oníbodè. Sọ fún ọmọ iṣẹ́.* Ó ṣí ewé náà. Ó kún. Ó tún òmíràn ṣí. Àfọwọ́kọ tó tò bí eyín àgbàdo ti ń wọ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ìlà, títí ó fi ku Oníbodè nìkan, kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́.

“O ti rí i,” ni ìyá náà wí. “Ọ̀sẹ̀ tó dé sílé nìyẹn, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Á kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà fò ó, á pè ọ́, kò sẹ́ni tí yóò gbé e. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á ti gbàgbé pé òun ti pè. Á tún kọ ọ́, á tún pè. Mo ní, ẹ jẹ́ kí ọmọ sinmi, ọwọ́ ẹ̀ dí ni. Àbí ọwọ́ rẹ dí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ni Àǹtí wí. “Ọwọ́ mi dí.”

Ọwọ́ rẹ̀ kò dí. Ìgbà yẹn, bàbá náà lè pè é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ láàárọ̀ kan láti béèrè ohun kan náà: ṣé òun ti yàrá ẹ̀rọ? Ṣé òun gbàgbé gíláàsì òun síbẹ̀? Ó dá a lóhùn títí, ó sú u. Ó wá mú ohùn kúrò lára ìpè bàbá náà, débi pé bí orúkọ rẹ̀ bá yọ, fóònù á kàn tan iná, á sì kú. Ó ní òun yóò pè é padà tó bá di ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àìkú kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀, títí ìpè náà fi dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tó dáwọ́ dúró, ara tù ú. Ohun tó ń ta á lọ́kàn jù báyìí nìyẹn: pé ara tù ú.

Nígbà tó ń jáde, bàbá náà ń na súkúrù kan sókè sí ìmọ́lẹ̀. “Sọ fún ọ̀gá rẹ pé páípù náà ṣì ń jò,” ló wí.

Kí ọ̀sán tó rọ̀, ó ti gbé Oníbodè tuntun kalẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, kọ́kọ́rọ́ náà wọlé wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn àfi bí ẹ̀rọ márùndínlọ́gbọ̀n bá ti wá kí i. Kò gbà pé ilé-iṣẹ́ ni òun wà bí àlejò kò bá tíì pé iye yẹn. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ló kọ́ ọ ní ìyẹn náà, ọdún kìíní tó wọṣẹ́, nígbà tí kò tíì ju ẹni tó ń gbé fóònù lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti tábìlì dé tábìlì, ó ń darí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sọ́dọ̀ Oníbodè. Mẹ́wàá. Mẹ́rìndínlógún. Àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọ́n ń bá a kà á bí èrò tó ń wo eré ìje. Nígbà tó dé orí ìkẹrìnlélógún, akọ̀wé fa ọwọ́ rẹ̀. “Tèmi ló máa pé e o!”

Tirẹ̀ ló pé e. Àwòrán òdòdó padà sójú ẹ̀rọ rẹ̀, ìlà funfun igun ìsàlẹ̀ sì kúrò. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ìwé ẹrù ń ya jáde, àwọn awakọ̀ dìde lórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń gbọn ìdí ṣòkòtò wọn. Máníjà gan-an jáde wá. “Láti oní lọ, ìwọ ni olórí ẹ̀ka ẹ̀rọ,” ló wí lójú gbogbo wọn. “Má ṣe àdelé mọ́. Ìwé tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ nípa bàbá yẹn, wàá fọwọ́ sí i lọ́la gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.”

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Olórí àwọn awakọ̀ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ti jáde lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí Àǹtí délé ní ìrọ̀lẹ́, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, torí tíṣà ni. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀, títí kan fóònù tó ń tan iná tó ń kú. Ọkọ rẹ̀ pa bírò rẹ̀ dé.

“Bí mo bá sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, wàá ní mi ò láàánú.”

“Ẹ sọ ọ́.”

“Bàbá yẹn ò mọ̀ ọ́ mọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà mọ ara ẹ̀. Ẹni tí kò rántí orúkọ ara ẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ bà jẹ́ lára orúkọ náà? Ṣùgbọ́n ìwọ, tó o bá jẹ́wọ́, o lè máà rí iṣẹ́ mìíràn níbí. Ọ̀rọ̀ tí a bá gbé mì kì í fọ́ni lórí.”

“Ìyàwó wọn rántí orúkọ náà,” ni Àǹtí wí. “Òun sì ni yóò gba ìwé pé kí wọ́n má wá sí ilé ìtọ́jú mọ́. Òun ni yóò padà máa ṣọ́ ilẹ̀kùn mọ́jú.”

Ọkọ rẹ̀ fa àwọn ìwé ìdánwò náà mọ́ra. Ó tún ṣí bírò, ó máàkì ìdánwò kan, ó sì tún ìlà kan náà máàkì. “Ó dáa,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Ohun tó o bá ṣe, a jọ wà nínú ẹ̀ ni. Mo kàn fẹ́ kó o ti gbọ́ èkejì.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, máníjà ti ìwé náà sí i lórí tábìlì, ó sì fi ìka tọ́ka sí ibi ìbuwọ́lùwé. Àǹtí kà á láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ tẹ́lẹ̀ rí kan fi ìkà àti ète ba iṣẹ́ jẹ́.

“Mi ò lè fọwọ́ sí i, sà.”

“Kí ló ṣe é? Àṣìtẹ̀ wà níbẹ̀ ni?”

“Bàbá ò ṣe nǹkan kan, sà. Èmi ni mo fa wáyà ẹ̀rọ yẹn yọ. Èmi ni mo gbé e fún oní-irin àlòkù, lọ́jọ́ tí mò ń palẹ̀ yàrá mọ́.”

Máníjà gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé náà. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀, lẹ́yìn náà ó ṣe bí ẹni tó rántí nǹkan tí kò fẹ́ rántí. “Èmi ni mo ní kó o palẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Ṣé èmi lo wá ń dá lẹ́bi?”

“Rárá, sà. Ẹ ní kí n kó pàǹtí. Èmi ni mi ò mọ ohun tó jẹ́ pàǹtí.”

“Ìwọ náà ti rí i pé kò sẹ́ni tó bi ọ́.”

“Mo rí i, sà. Bàbá ti pè mí kí wọ́n sọ fún mi. Mi ò gbé e.”

Máníjà mú ìwé náà, ó ká a sí méjì, ó sì tún ká a sí mẹ́rin. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ ẹni tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan ní elébi kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó ní kó lọ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kọ ọ́. Kò gbà ju ìlà márùn-ún lọ.

Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún oṣù méjì, bó bá sì padà dé, ilé ìkẹ́rùsí ni yóò máa ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ka páálí oògùn. Olórí ẹ̀ka ẹ̀rọ yóò wá láti olú ilé-iṣẹ́. Akọ̀wé tó pàtẹ́wọ́ fún un lánàá kò mọ bí yóò ṣe dágbére fún un, ó kàn ń to bébà tó ti tò tẹ́lẹ̀. Olórí àwọn awakọ̀ ló gbé e délé. Nígbà tí Àǹtí ń sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ náà ní, “O ṣeun,” ó sì wakọ̀ lọ.

Wọn kò kọ ìwé kankan sí ìyàwó Bàbá Kọ́kọ́rọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Àǹtí padà lọ síbẹ̀. Ó sọ ohun tó ṣe fún ìyá náà nínú yàrá ìdáná, lórí ìdúró. Ìyá náà kò wí pé kò sí nǹkan kan, kò sì wí pé òun dárí jì í. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ, ó ní, “Ó ń kọ ọ́ ṣáá ni. Mo rò pé orúkọ ènìyàn ni,” ó sì yíjú sí ògiri. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ gba oògùn ní ilé ìtọ́jú, kí Àǹtí bá òun jókòó ti bàbá títí òun yóò fi dé.

Bàbá náà wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ó ń wo àwọn mẹkáníìkì tó ń ti ọkọ̀ kan nísàlẹ̀. Àǹtí jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti ro ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lójú ọ̀nà, àmọ́ nígbà tó débẹ̀, omijé ló ṣáájú.

“Kí ló dé?” Bàbá náà yíjú sí i. “Ta ló nà ọ́?”

“Kò sẹ́ni tó nà mí, sà. Mo ṣẹ ẹnì kan ni.”

“O jí nǹkan rẹ̀?”

“Rárá, sà. Ó ń pè mí, mi ò dá a lóhùn.”

Bàbá náà rò ó. “Ẹ̀ẹ̀kan ni?”

“Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, sà.”

“Hùn-ún. Àgbàlagbà ni àbí ẹgbẹ́ rẹ?”

“Àgbàlagbà ni, sà. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ tí mo mọ̀.”

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ mí kanlẹ̀. Nísàlẹ̀, ọkọ̀ náà húkọ́, ó kọ̀ jálẹ̀, àwọn mẹkáníìkì sì bú sẹ́rìn-ín. “Lọ bẹ̀ ẹ́,” ló wí. “Má rán ẹlòmíràn, fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ. Bó bá jẹ́ lóòótọ́ pé òun ló kọ́ ọ níṣẹ́, kò lè bínú tán.”

“Bó bá ti gbàgbé mi ńkọ́, sà?”

“Ìyẹn ò kàn ọ́. Ìwọ ṣáà bẹ̀ ẹ́.”

Àǹtí sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tí oòrùn ti mú gbóná, ó sì di ọwọ́ bàbá náà mú méjèèjì. “Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá. Ẹ má bínú.”

Bàbá náà wo ọwọ́ rẹ̀ nínú tirẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó wò ó dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ ka nǹkan tó ti ṣá. Lẹ́yìn náà ó mi orí díẹ̀, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ tó fi ń bá ẹni tó bá ṣi nọ́ńbà pè sọ̀rọ̀ láyé ọjọ́sí.

“Èmi kọ́ o, ọmọ mi,” ló wí. “Kò sì lè sí nílé ní irú àkókò yìí. Dìde, jókòó tì mí. Jẹ́ kí oòrùn rọlẹ̀ kó o tó máa lọ.”

Ó dìde, ó sì jókòó tì í.